Ẹ Jẹ́ Kí Tọkọtaya Jọ Ka Owó Ilé



Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé ní ilẹ̀ Kétu, bẹ́ẹ̀ ni ìjà ń wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ nílò aṣọ ilé-ìwé, ó nílò kàyé, ó nílò owó CEG. Ìyá wo ojú baba, baba wo ilẹ̀. Ìyá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, owó àgbàdo tí ẹ tà ní oṣù kẹjọ ńkọ́?" Baba ní, "Ìwọ náà, èsúsú tí o kó ńkọ́?" Láti ibẹ̀, ohùn á ga, àwọn ọmọ á sì yọ́ jáde lọ jókòó sí ìta.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní katikísìmù, tí mo sì ń jókòó ti àwọn tọkọtaya tí àárín wọn kò gún. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ni ó fa á, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá wádìí rẹ̀ dé ìdí, a sábà máa ń bá owó níbẹ̀. Mo sì ti rí i pé àìní nìkan kọ́ ni ó ń da ilé rú. Mo mọ àwọn ilé tí kò ní púpọ̀, tí tọkọtaya ibẹ̀ sì ń sùn dáadáa. Mo mọ ilé mìíràn tí owó ń wọ̀, ṣùgbọ́n tí oorun kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni èyí: ní ilé àkọ́kọ́, ọkọ àti aya jọ mọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, ní ilé kejì, olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí tọkọtaya máa jọ ka owó ilé, kí wọ́n sì máa kà á kí wọ́n tó ná an.

Kí ẹ má baà rò pé orí àga ni mo jókòó sí tí mo ń kọ́ yín ní ohun tí n kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti èmi fúnra mi.

ỌDÚN TÍ BÀBÁ MI KÚ

Ní oṣù kejì ọdún kan ni bàbá mi fi ayé sílẹ̀. Àgbà ni, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ-ọmọ. Ẹbí pé jọ, wọ́n ní ìsìnkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ yẹpẹrẹ, pàápàá nítorí pé katikíìsì ni ọmọ rẹ̀. Ojú tì mí láti sọ pé n kò ní owó. Mo lọ bá ọkùnrin kan tí ó máa ń san owó àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀ kí àgbàdo tó dé. Ó ka fránkì 150,000 sí mi lọ́wọ́. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá kórè, n ó fún un ní àpò àgbàdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fránkì 10,000 lórí àpò kan. Mo fi ọwọ́ sí ìwé. Àgbàdo tí mo tà yìí, n kò tíì gbìn ín. N kò sì sọ fún ìyàwó mi. Mo ní yóò kàn máa dààmú lásán ni.

Ìsìnkú náà dùn. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, àwọn àna wá láti Pobè, àwọn mìíràn wá láti Ìmẹ̀kọ lódì kejì ẹnubodè. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ilé dákẹ́. Oṣù keje dé, mo kórè, ọkọ̀ wá kó àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tí ó kù kò ju ohun tí àwa àti àwọn adìyẹ yóò jẹ títí di Kérésìmesì.

Oṣù kẹsàn-án dé, wọ́n dá ọmọ wa àgbà padà láti ilé-ìwé nítorí owó. Ó wọlé, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀, mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣebí o ti kó èsúsú rẹ ní oṣù tó kọjá?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti kó o. Mo ti kó o fún aláṣọ. Aṣọ tí a fi sin bàbá wa, àwìn ni mo rà á, tèmi àti ti àwọn ọmọ. N kò fẹ́ kí ẹ dààmú."

Ẹ̀yin ará, àwa méjèèjì ti jẹ gbèsè nítorí òkú kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, olúkúlùkù wa sì fi í pamọ́ kí ó má baà da ẹnì kejì láàmú. A pè é ní ìfẹ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, a mú kàyé àtijọ́ kan, a sì kọ gbogbo gbèsè wa sí i: ti alágbàdo, ti aláṣọ, ti ẹni tí ó gbé ọtí wá, ti ilé oògùn. Iye rẹ̀ pọ̀ ju bí olúkúlùkù wa ti rò lọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ iye tí ó ní òpin. Òru ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn di ilẹ̀ mọ́ láti oṣù kejì. Mo rí i nígbà náà pé ohun tí ó ń lé oorun lọ ju iye gbèsè lọ ni àìmọ iye rẹ̀, àti ìbẹ̀rù pé ẹnì kan yóò mọ̀. Àbúrò ìyàwó mi yá wa ní owó ilé-ìwé láìgba èlé. A kọ tirẹ̀ náà sínú kàyé.

Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún kejì, tí àgbàdo wọ́n, àpò kan ń lọ ní fránkì 22,000 lọ́jà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní fránkì 22,000 jẹ́ fránkì 330,000. Nítorí fránkì 150,000 tí mo gbà, fránkì 180,000 ni mo pàdánù. Ohun tí mo fi kún un ju ohun tí mo yá lọ. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè yóò fi tán. A ń sọ pé ayé ìwọ̀fà ti lọ. Ẹni tí ó ta àgbàdo rẹ̀ kí ó tó gbìn ín, kí ni a ó máa pè é?

OWÓ ÀGBẸ̀ KÌ Í WÁ LÓṢOOṢÙ

Àwọn ìwé tí a fi èdè Faransé kọ lórí ìṣúná ilé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù: ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ pín in sí mẹ́rin. Ó dára fún olùkọ́ àti fún nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n láti Kétu dé Pobè, àti láti Adja-Ouèrè dé Sakété, àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ wa. Òjò méjì ni a ní. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ń dé ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ti òjò kejì ń dé nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ẹ̀pà, gbágùúdá, ata, tòmátì àti epo pupa ń tì wọ́n lẹ́yìn. Owó ń wọlé bí àgbàrá ní ìgbà méjì, a sì gbọ́dọ̀ máa bù ú mu bí omi inú àmù fún oṣù méjìlá.

Ìnáwó pẹ̀lú ní ìgbà tirẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ti ilé-ìwé. Òtítọ́ ni pé láti 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n aṣọ, kàyé àti oúnjẹ ọ̀sán kò bá a lọ. Oṣù kejìlá ni ti Kérésìmesì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ti ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ti irúgbìn àti owó àwọn tí yóò bá wa roko, àkókò yìí gan-an ni oúnjẹ sì ń wọ́n jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ àjèjì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dé, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń bá wa lójijì.

Nítorí náà, ẹ mú kàyé kan, ẹ fa ilà sí i, ẹ kọ oṣù méjìlá sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí pé yóò wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ pé yóò jáde. Ẹ má gbàgbé àìsàn. A kò mọ ọjọ́ tí ibà yóò mú ọmọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ní ìgbà òjò yóò wá. Ẹni tí kò mọ ìwé lè pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ìwé kí ó bá a kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ni fún ọmọ náà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó mọ ibi tí owó ilé ń lọ kì í béèrè bàtà tuntun lóṣù tí kò yẹ.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ó rí àwọn oṣù tí ọwọ́ ọ̀tún wúwo tí ọwọ́ òsì sì ṣófo. Àwọn oṣù náà ni kí ẹ máa rò ní ọjọ́ tí ẹ bá ta àgbàdo. Kí owó náà tó dé ọjà, ẹ yọ ti oúnjẹ, ti irúgbìn, ti ilé-ìwé, ti ìlera àti ti gbèsè sọ́tọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni a lè fi ra aṣọ tàbí ọtí. Ẹ má sì ta gbogbo àgbàdo ní oṣù kẹjọ tí olúkúlùkù ń tà. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, nítorí èyí tí ó tutù ni kòkòrò àti ìbu ń yára bàjẹ́; ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá tàbí garawa tí a dé pa. Àpò kan tí ó dúró di oṣù kẹrin lè ṣe iṣẹ́ àpò méjì.

ÀPÒ ỌKỌ, ÀPÒ AYA

Ẹnì kan lè sọ pé, "Katikíìsì, ní ilẹ̀ wa, ọkọ ní àpò tirẹ̀, aya ní tirẹ̀." Mo mọ̀. Àṣà yìí kò burú, n kò sì sọ pé kí a pa á run. Òun ni ó jẹ́ kí obìnrin Kétu lè ṣòwò gàrí, epo àti aṣọ láìbéèrè fránkì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó òwò rẹ̀ dà bí irúgbìn. Ọkọ tí ó bá jẹ ẹ́, ebi ọdún tí ó ń bọ̀ ni ó ń jẹ. Kí ọkọ má fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n pé àpò jẹ́ méjì kò túmọ̀ sí pé kí ilé jẹ́ méjì. Òfin ìdílé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ó jáde ní 2004, sọ ọ́ kedere pé tọkọtaya ni yóò jọ gbé ẹrù ilé, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ hàn sí àwọn méjèèjì: oúnjẹ, ilé-ìwé, ìlera, àti gbèsè. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbèsè ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. Kí ọkọ má yá owó láìsọ fún aya, kí aya má sì ra àwìn láìsọ fún ọkọ. Owó inú tẹlifóònù ti mú kí èyí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ènìyàn lè yá owó kí ó sì ná an lórí ibùsùn rẹ̀ kí ẹni tí ó sùn tì í má mọ̀.

Ẹ yan ìgbà kan fún ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé wa, alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Òfin méjì ni a fi sí i. Èkíní ni pé a kì í sọ̀rọ̀ owó nígbà tí ebi ń pani tàbí tí inú ń bíni. Èkejì ni pé ohun tí a ti kọ sínú kàyé, a kì í tún fi í bú ara wa. Bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ àwìn tí ó rà, tí a sì sọ ọ́ di orin lé e lórí, kò ní jẹ́wọ́ mọ́ láéláé.

ÈSÚSÚ TÍ A JOGÚN

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ni mo ń kọ́ yín. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣe àlàyé èsúsú fún aráyé: iye kan náà ni olúkúlùkù ń mú wá, ní ọjọ́ kan náà, sí ibì kan náà, lábẹ́ olórí kan, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú sọdá òkun gbé e lọ́wọ́; ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní tontine, orúkọ tí ó ti ara Lorenzo Tonti wá, ará Ítálì kan tí ó gbé ètò owó ìdápọ̀ mìíràn ka iwájú ìjọba Faransé ní 1653. Tiwa kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn méjìlá bá ń dá fránkì 5,000 lóṣù, fránkì 60,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó, owó àwọn yòókù ni ó yá. Ẹni tí ó kó kẹ́yìn, òun ni ó ń fi pamọ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ọmọ ní CEG bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kẹjọ, kí ẹni tí ó ní oko ńlá bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kẹta. Èsúsú tí a kó ní oṣù tí a kò nílò rẹ̀ yóò rí ibi tí yóò gbà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ pọ̀ ju èyí tí olúkúlùkù lè mọ ilé ara wọn lọ. Ohun tí ó ń mú èsúsú dúró ni pé gbogbo ojú ni ó ń wo owó náà.

Ti alájọ tí ń yípo ọjà pẹ̀lú káàdì yàtọ̀ díẹ̀. Bí ìyá kan bá ń dá fránkì 200 lójúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, fránkì 6,200 ni. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, á sì dá fránkì 6,000 padà. Kò ní èrè, ó sì ní owó iṣẹ́. Síbẹ̀ ó dára ju owó tí a dì sí etí aṣọ lọ, bí a bá mọ alájọ náà àti ilé rẹ̀, tí káàdì sì wà lọ́wọ́ wa. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

IBI TÍ A Ó FI OWÓ SÍ

Nígbà tí owó bá ju ti èsúsú lọ, ibo ni a ó gbé e sí? Ní ìlú Lévis, ní Kánádà, ní 1900, ọkùnrin Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Alphonse Desjardins rí bí àwọn olówó èlé ti ń fìyà jẹ àwọn tálákà. Ó kó àwọn ará ìlú jọ, wọ́n dá ilé ìfowópamọ́ tiwọn sílẹ̀. Sẹ́ńtì 10 ni owó tí wọ́n kọ́kọ́ gbà níbẹ̀. Iṣẹ́ Desjardins ń gbé e lọ sí Ottawa fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Dorimène aya rẹ̀ ni ó ń jókòó ti ìwé owó náà nínú ilé wọn. Tọkọtaya ni wọ́n, wọ́n jọ ń ka owó. Láti inú ìjọ kan sí òmíràn ni irú ilé bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo Québec.

Nítòsí wa, ní Jirapa ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà, àlùfáà kan, John McNulty, ran àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1955 láti dá ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyáwó sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, CLCAM tí ó wà káàkiri ń tẹ̀lé ọ̀nà kan náà: àwọn tí ń fi owó síbẹ̀ ni ó ni ín, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti wá sí ìpàdé rẹ̀ kí wọ́n béèrè ìṣirò. Ẹ lo ẹ̀tọ́ náà.

N kò sọ pé gbogbo ilé tí ó kọ orúkọ báǹkì sí ojú ọ̀nà ni ó dára. Àwọn tí ó ti dàgbà rántí pé ní 1988 àti 1989, àwọn báǹkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilẹ̀ wa wó lulẹ̀, tí ẹni tí ó ní owó níbẹ̀ kò rí i gbà, tí òṣìṣẹ́ kò sì rí owó oṣù. Ní 2010, ICC Services, tí ó ti ń ṣe ìlérí èrè tí kò sí òwò lábẹ́ ọ̀run tí ó lè mú un wá, wó pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó pàdánù. Àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀ láti fi owó síbẹ̀. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ CRIET dá àwọn olórí rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ kọ́ ìbéèrè kan sí orí: "Òwò wo ni ẹ fi owó mi ṣe tí èrè yìí fi ti ibẹ̀ wá?" Bí ẹni tí ó fẹ́ gba owó yín kò bá lè dáhùn rẹ̀ kí ọkọ àti aya yé e, ẹ má fún un ní fránkì kan.

Àwa tí a ń gbé létí ẹnubodè ní ìdánwò mìíràn, èyí ni náírà. Ọ̀pọ̀ wa ń tajà fún ará Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba Nàìjíríà pa àwọ̀ owó wọn dà, wọ́n sì ti ẹnubodè títí di 1986. Ọ̀pọ̀ ẹni tí náírà àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn níhà ọ̀dọ̀ wa kò rí i pààrọ̀. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, wọ́n tún ti ẹnubodè, tòmátì sì ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ó gbìn ín. Ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, ó sì já wálẹ̀ gidigidi. Fránkì tiwa náà kò bọ́: ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára rẹ̀ sí ààbọ̀ sí fránkì ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi náírà ṣòwò, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ìpamọ́. Ẹ má sì kó gbogbo ohun ìní yín sí ojú kan. Ewúrẹ́, àgbàdo nínú àgbá, òróró ọ̀pẹ àti owó nínú CLCAM kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

ÒKÚ ÀTI OJÚ AYÉ

Mo padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ń wó ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa ni ìsìnkú. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 14, Olúwa wa sọ ti ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò lè parí rẹ̀, tí àwọn tí ń kọjá lọ sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. A máa ń rò pé bí a kò bá náwó ni wọn yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Olúwa ní bí a kò bá ṣírò ni.

Bí ikú bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn ọmọ olóògbé, ọkùnrin àti obìnrin, jókòó kí àwọn àlejò tó dé. Kí wọ́n kọ iye tí ó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹbí pé, "Èyí ni a ní, òun ni a ó fi sin ín." Kí aṣọ má jẹ́ ọ̀ranyàn. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀, mo ti sá fún un rí. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ tó ọdún méjì. Ìyá tàbí bàbá tí ó ṣì wà láàyè, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ra oògùn náà fún un.

BÍ GBÈSÈ BÁ TI WÀ

Ẹnì kan tí ó ń ka ìwé yìí lè ní ó ti pẹ́ jù fún òun. Kò pẹ́ jù. Lákọ̀ọ́kọ́, sọ ọ́ fún ọkọ tàbí aya rẹ lálẹ́ òní, kí alágbèésè tó wá sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀: ẹni tí a jẹ, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, èlé orí rẹ̀. Ẹ má yá owó èlé láti san owó èlé. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ bá ẹni tí ẹ jẹ kí ọjọ́ tó pé, ẹ mú ohun díẹ̀ dání. Ẹni tí ó rí wa kí ó tó wá wa sábà máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èyí tí èlé rẹ̀ ń pọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Bí ohun kan bá wà nínú ilé tí kì í bọ́ni tí kì í sì í ṣiṣẹ́, ẹ tà á. Bí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ wá bá ẹni tí ẹ fọkàn tán nínú ìjọ. Ẹ má jẹ́ kí owó lé yín kúrò ní Mísà. Mo mọ àwọn tí wọn kò wá mọ́ nítorí pé ẹni tí wọ́n jẹ ń jókòó sí ìlà iwájú.

Ní ti wa, ọdún méjì ni ó gbà wá kí a tó fa ilà sí orúkọ tí ó kẹ́yìn nínú kàyé. Ọdún náà a kò ra aṣọ Kérésìmesì. Ọdún kẹta, àpò àgbàdo mẹ́fà wà nínú àgbá wa títí di oṣù kẹrin, a sì tà wọ́n nígbà tí ó wù wá. Ọmọ tí wọ́n dá padà nílé-ìwé ti gba ìwé-ẹ̀rí BEPC rẹ̀. Kàyé náà ṣì wà lórí pẹpẹ. Ìyàwó mi ni ó ń kọ ọ́ nísinsìnyí, nítorí ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò ṣeé kà.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ tan fìtílà sí ọ̀dọ̀ ara yín, ẹ mú kàyé kan, kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ iye tirẹ̀. Kí Olúwa jókòó pẹ̀lú yín níbẹ̀.